Foge: ṣé obìnrin ni àbí ilẹ̀? Fọ́tò bàbá mi ti ọdún 1967

Ọmọ Ìgèdè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete. Ẹjọ́ kan wà nínú ilé wa tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo ti wá a títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, omi nìkan ni mò ń rí. Ẹ̀yin ló kù.

Káfíńtà ni bàbá mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Ìgèdè-Èkìtì ni wọ́n bí wọn sí, ìlú tí odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó wá rí i lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀rín ni yóò máa rín. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé a kò mọ odò ńlá nílé wa. Òkè àti àpáta la mọ̀. Bí wọ́n bá pe erékùṣù létí wa, ọ̀rọ̀ inú ìwé ni.

Ní 1965, bàbá mi bá ọ̀rẹ́ wọn kan lọ sí Kainji, níbi tí àwọn Òyìnbó Ítálì ti ń mọ dáàmù sórí Odò Ọya. Bàbá mi wà lára àwọn tó ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Màámi wà nílé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Nígbà tí bàbá padà dé ní ìparí 1968, kẹ̀kẹ́ Raleigh tuntun ni wọ́n gùn wọlé. Wọ́n ra rédíò, wọ́n ra aṣọ fún màámi, wọ́n sì gbé páálí bàtà kan dé tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Fọ́tò kan wà nínú páálí yẹn. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, wọn kò wọ bàtà, wọ́n dúró lórí iyanrìn. Ọkọ̀ ojú omi onígi kan wà lẹ́yìn wọn. Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ru apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà tó kún dé ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi báírò kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé: "Foge. Oṣù kẹrin 1967. N kò ní gbàgbé."

Màámi kò mọ̀wé. Ọmọ aládùúgbò ló ka ẹ̀yìn fọ́tò náà fún wọn. Ẹ lè fojú inú wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ni odó kò fi dún nínú ilé wa, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílé ọkùnrin Èkìtì. Bàbá ní Foge kì í ṣe orúkọ èèyàn, pé orúkọ ilẹ̀ ni. Màámi ní ó dáa, ẹ mú mi lọ síbẹ̀. Bàbá dáhùn pé: "Kò sí níbẹ̀ mọ́. Omi ti gbé e lọ."

Ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Màámi ní áà, ó ti kú sómi, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ fi kọ́rẹ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ọmọ kan bá purọ́ nílé wa, ohun tí màámi máa ń sọ ni pé, "Ó tún ti dé Foge." Àwọn ọmọ ọmọ wọn náà ń sọ ọ́ báyìí, wọn kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Bàbá ti kú láti 2009. Màámi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ṣì ríran dáadáa, wọ́n ṣì ń wo fọ́tò náà.

Ìbéèrè mi: ǹjẹ́ ilẹ̀ kan wà rí tó ń jẹ́ Foge? Bó bá wà, ta ló gbé ibẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ibo ni wọ́n wá kó lọ?

Ayọ̀ Adó:

Ẹ̀gbọ́n, bàbá yín gbọ́n o! Èmi tí ìyàwó mi ń yẹ fóònù mi wò, n kò tíì ronú kan "omi ti gbé e lọ" rí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Tíṣà Jọ́gíráfì:

Ayọ̀, má fi olóògbé ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni bàbá sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀gbẹ́ni Ìgèdè, ẹ bá mi kí ìyá. Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Adó ni mò ń gbé. Ìlú New Bussa ni wọ́n gbé mi lọ fún àgùnbánirọ̀ ní 1978, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. (1991 ni wọ́n gbé Borgu, agbègbè tí ìlú náà wà, fún Ìpínlẹ̀ Niger.) Ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ tí àwọn òbí wọn mọ Foge bí ẹ ṣe mọ ọ̀nà oko yín.

Erékùṣù ni Foge. Àárín Odò Ọya ló wà, láàárín Yelwa tó wà lókè àti Bussa tó wà nísàlẹ̀. Kì í ṣe òkúta kékeré tí ẹyẹ ń bà lé. Erékùṣù gidi ni, tí èèyàn ń kọ́lé sí, tí wọ́n ń dáko sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba Jẹ́bà lọ sí òkè Ọya rí, ẹ ti rí irú rẹ̀: erékùṣù Jẹ́bà tí ojú irin gbà kọjá. Ẹ wá rò ó pé Jẹ́bà yẹn, ilé àti gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀, ẹ jí lọ́jọ́ kan, omi pẹrẹsẹ lẹ rí.

Àwọn tó ń gbé inú omi yẹn àti etí rẹ̀, Gungawa ni àwọn Hausa ń pè wọ́n, torí gungu ni Hausa ń pe erékùṣù. Ará erékùṣù ló túmọ̀ sí. Àwọn fúnra wọn, Reshe ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn Lárù àti Lópà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Apẹja ni wọ́n, àgbẹ̀ sì ni wọ́n. Ohun tí a mọ̀ wọ́n mọ́ jù nínú iṣẹ́ oko ni àlùbọ́sà. Nígbà tí mo ka ibi apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà nínú ọ̀rọ̀ yín, mo rẹ́rìn-ín, mo ní bàbá dé ibẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ àlùbọ́sà, torí ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù, àwọn ọmọ tí mo kọ́ náà mọ̀ pé bí mo bá ti dé ibẹ̀, aago kò lè lé mi jáde.

Odò tiwa ní Èkìtì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń kún: òjò rọ̀, ó kún, òjò dá, ó fà. Ọya kò rí bẹ́ẹ̀ ní apá ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní omi funfun, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ títí dé oṣù kẹwàá. Òjò tó rọ̀ nítòsí ló ń gbé e wá, ó sì ń kó ẹrẹ̀ bọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀gẹ́. Èkejì ni omi dúdú. Òjò tó rọ̀ lórí òkè Fouta Djallon ní Guinea ni ìyẹn. Ó gba Mali kọjá, ó tẹ́ sínú àbàtà ńlá kan níbẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ó wá mọ́ gaara. Ọ̀nà jìn débi pé oṣù kọkànlá sí ìkejìlá ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tí yóò sì ga jù ní oṣù kìíní sí ìkejì, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò retí ìkún omi.

Nítorí náà, ẹni tó ń gbé erékùṣù, omi ni kàlẹ́ńdà rẹ̀. Omi funfun bo etí ilẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ tuntun sílẹ̀. Bó ṣe ń fà, wọ́n ń gbìn tẹ̀lé e. Ilẹ̀ kò béèrè ajílẹ̀. Omi tí wọn yóò máa bu rin àlùbọ́sà kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ, ó sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko orí òkè ti gbẹ kanrin. Oṣù kẹrin tí bàbá kọ sẹ́yìn fọ́tò yẹn, ọkọ̀ àlùbọ́sà ń lọ sọ́jà nìyẹn.

Gbogbo rẹ̀ ló lọ. Nígbà tí wọ́n ti ojú dáàmù ní 1969, omi padà sẹ́yìn, ó bo ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin. Bí ẹ bá pín Ìpínlẹ̀ Èkìtì sí márùn-ún, kí omi bo ìdá kan: tó báyẹn. Adágún náà gùn tó nǹkan bí kìlómítà 135. Kì í ṣe Foge nìkan ló wọlẹ̀. Bussa àtijọ́, ìlú ọba Borgu, wọlẹ̀ pẹ̀lú, òun àti ibi tí omi ti ń ru gùdù lórí àpáta níwájú ìlú náà, níbi tí Mungo Park, Òyìnbó tó ń tọ Ọya lọ, ti bómi lọ ní 1806. Nǹkan bí 44,000 èèyàn ni wọ́n kó kúrò ní abúlé tó lé ní igba. New Bussa tí mo ti sìnlú, ìlú tí wọ́n kọ́ rọ́pò Bussa ni, nǹkan bí kìlómítà 40 sí gúúsù ti àkọ́kọ́.

Mo wọ ọkọ̀ lórí adágún yẹn lẹ́ẹ̀kan, oṣù keje 1979. Àkókò tí omi ń lọ sílẹ̀ jù nìyẹn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ omi lè tó mítà 10 láàárín ọdún. Koríko kan hù bo ojú omi lọ salalu, ẹran ń jẹ ẹ́ létí bèbè. Ibì kan wà tí atukọ̀ wa gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè, kò túkọ̀ mọ́, ọkọ̀ kàn ń léfòó. Mo rò pé nǹkan ló bàjẹ́. Ó ní, "Oko bàbá mi rè é." Omi ni mo rí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í túkọ̀.

Àgbà NEPA:

Tíṣà, ẹ kú àlàyé. Ẹ jọ̀wọ́, n ó tún ibì kan ṣe, torí ó kan ẹjọ́ ìyá.

Kì í ṣe 1969 ni wọ́n ti ojú dáàmù. Oṣù kejì 1969 ni Gowon wá ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ, ìyẹn ni gbogbo èèyàn rántí. Oṣù kẹjọ 1968 ni wọ́n ti dá omi dúró. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, adágún ti kún. Ẹ ṣírò ó wò: 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, bàbá dé ibẹ̀ ní 1965, wọ́n padà wálé ní ìparí 1968. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí omi ń gùn. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan. Ojú wọn ló ṣe é.

Kainji ni mo ti lo ọdún tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. 1976 ni mo débẹ̀, NEPA ti gbà á lọ́wọ́ Niger Dams Authority ní 1972. Mo bá àwọn àgbà kan níbẹ̀ tó ti wà ní ìgbà kọnkéré. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wọ ọkọ̀ lọ sókè odò lọ ra ẹja àti àlùbọ́sà, torí ohun tí wọ́n ń tà ní àgọ́ wọ́n jù. Káfíńtà tó lọ Foge ní ọjọ́ Sunday kì í ṣe ohun ìyanu.

Ẹ bá mi sọ fún ìyá pé pákó tí ọkọ wọn kàn ló di ògiri yẹn mú títí ó fi gbẹ. Àyè ẹ̀rọ 12 ni wọ́n ṣe sílẹ̀, 8 ni wọ́n gbé sí i, 760 mẹgawáàtì ni gbogbo rẹ̀ lè mú jáde bí ara wọn bá yá. Bí ara wọn kò bá yá ńkọ́? Ẹ̀yin náà ń gbé Èkìtì, ẹ mọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa obìnrin inú fọ́tò yẹn, torí ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ omi àti ẹ̀rọ lẹ̀ ń sọ.

Mo ná New Bussa àti Yelwa láàárín 1971 sí bíi 1980, ẹja gbígbẹ ni mò ń kó wá sí Ìkẹ́rẹ́ àti Àkúrẹ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹja ń bẹ bí ilẹ̀ bí ẹní. Omi tuntun ni, ó bo igbó àti oko, ẹja rí oúnjẹ jẹ. Apẹja ń wá láti ibi gbogbo. Ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ọmọ mi ní òun kà á pé wọ́n pa tó 28,000 tọ́ọ̀nù ní 1970, pé nígbà tó fi di 1978, kò tó 5,000 mọ́. Èmi kò nílò ìwé. Apẹ̀rẹ̀ tí mò ń ra mẹ́wàá rẹ̀ ń di mẹ́ta, owó rẹ̀ kò sì dín.

Ilé obìnrin Gungawa kan ni mo máa ń sùn sí. Erékùṣù ni wọ́n bí i sí. Wọ́n kó wọn lọ sórí ilẹ̀ òkè, wọ́n fún wọn nílé. Ó ní ilé náà kò burú. Ohun tó ń bí i nínú ni pé nígbà tí wọ́n fẹ́ san owó fún ọkọ rẹ̀, wọ́n ka igi, wọ́n ka ilé, ó wá bi wọ́n pé ta ni yóò ka etí omi fún òun? Torí etí omi gan-an ni oko. Wọ́n wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n tún ń lọ gbin nǹkan sí bèbè adágún nígbà tí omi bá fà, ṣùgbọ́n ó ní omi yìí kì í ṣe èyí tí àwọn mọ̀. Ti tẹ́lẹ̀, Ọlọ́run ló ń darí ẹ̀. Ti ìsinsìnyí, ọ́fíìsì ni.

Àwọn obìnrin ló ń ru àlùbọ́sà lọ síbi ọkọ̀. Ẹni tó ń ru ẹrù tí àlejò ní kí ó dúró kí àwọn jọ ya fọ́tò, ẹ̀rín ni yóò rín. Ìyá, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tó kún dé ẹnu báyẹn, ọrùn ń dun ún, kò ráyè ọkọ ẹlòmíràn.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ ní Jámánì:

Mo kàn fẹ́ fi eléyìí kún un. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbí náà ní Yúróòpù. Erékùṣù kan wà nínú odò Danube, ní Romania, Ada Kaleh lorúkọ rẹ̀. Àwọn Túúkì ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń gbin ọ̀pọ̀tọ́ àti òdòdó. Dáàmù kan ló gbé e mì ní nǹkan bí 1970 sí 1971. 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáàmù yẹn, ọdún kan náà pẹ̀lú Kainji! Àwọn kan kó lọ sí Turkey, àwọn kan sí etí Òkun Dúdú. Kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí wọn, ẹ̀bùn ọba Túúkì, ìyẹn là: ó wà nínú mọ́ṣáláṣí Constanța títí di òní. Ọmọ ibiṣẹ́ mi kan ará Romania ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ó ní ìyá àgbà òun ṣì ń sọ̀rọ̀ súìtì tí wọ́n ń rà níbẹ̀.

Ayọ̀ Adó:

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá. Tíṣà, bí èèyàn bá fẹ́ lọ wo ibẹ̀ ńkọ́?

Tíṣà Jọ́gíráfì:

Àgbà NEPA, ẹ ṣeun, ẹ tọ̀nà. 1969 ló wà lórí mi torí àsíá àti bàǹdì.

Ayọ̀, láyé ìgbà tèmi, a máa gba Ìlọrin, Jẹ́bà, Mokwa, ká wá yà sápá òsì. Láyé ìsinsìnyí, igbó apá ibẹ̀ kò dára, àwọn ajínigbé wà níbẹ̀. Jókòó sí Adó.

Ọmọ Ìgèdè:

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun, ẹ kò ní ráhùn. Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ kú àánú màámi.

Àná ni mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fọ́tò wà lórí itan wọn. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń túmọ̀ ibi tó bá le. Nígbà tí mo dé ibi tí atukọ̀ gbé àjẹ̀ sókè, wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá sọ ohun kan tí n kò gbọ́ rí: pé oṣù tí bàbá dé, wọ́n máa ń jí lóru, wọ́n á lọ dúró síwájú ilé bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á máa wo omi tó ń ṣàn lójú àgbàrá. Màámi rò pé obìnrin tó kú sómi ni wọ́n ń rò.

Wọ́n ní, "Ilẹ̀ ni lóòótọ́."

Mo ní, "Ilẹ̀ ni, màámi."

Wọ́n gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú, wọ́n yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ó dáa. Mo gbà pé Foge ni ilẹ̀. Obìnrin tó ru àlùbọ́sà yìí wá ńkọ́, kí lorúkọ tirẹ̀?"